Ìlẹ̀kùn Tó Kẹ̀yìn Síra Rẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wá sílé ọkọ ní Atakpamé, ìlẹ̀kùn iwájú ilé ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí ènìyàn. Wọ́n ń bu omi sí mi lẹ́sẹ̀, àwọn obìnrin ilé ń kọrin, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ti í ṣe fún ìyàwó tuntun, èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ọ̀kan nínú wọn fi ìgbùnwọ́ gún mi níhà. "Ìyàwó, wolẹ̀! Ìyàwó kì í ranjú." Mo wolẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́, ojú mi ti rí i.

Ìlẹ̀kùn ìrókò ni, pákó méjì fífẹ̀ tí wọ́n fi ìdè irin so pọ̀ láàárín, tí ẹnì kan gbẹ́ àwòrán sí lára láti òkè délẹ̀. Nílé bàbá mi, lọ́nà Datcha, ohun tí a fi ń dènà ewúrẹ́ là ń pè ní ìlẹ̀kùn. Èyí, ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

Ayé Faransé la wà nígbà náà. Àwọn Jámánì ti lọ láti ìgbà ogun, àwọn ọmọ tí wọ́n bí nígbà ogun ọ̀hún sì ti di ọkùnrin tó ń fẹ́yàwó. Ọ̀kan nínú wọn ló fẹ́ mi. Akọ̀wé ni ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó ń wọ ṣòkòtò funfun, ó ń fi èdè Faransé bú àwọn tó bá pẹ́ dé. Èmi ń ránṣọ. Àwọn màsẹ́ẹ̀, ìyẹn àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà aláṣọ funfun, ni wọ́n kọ́ mi, wọn ò sì fi pàṣán ṣahun. Ẹnu ọ̀nà iwájú yẹn ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí nítorí ìmọ́lẹ̀. Bí mo ṣe di ẹni tó ń wo ìlẹ̀kùn láti òwúrọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Lókè pátápátá, lórí pákó kọ̀ọ̀kan, òpó irin gíga kan dúró, irú èyí tí àwọn Jámánì gbé nàró ní Kamina nítòsí wa, tí wọ́n fi ń bá ìlú wọn sọ̀rọ̀ gba ojú ọ̀run. Àwọn fúnra wọn ló wó o nígbà ogun kí ọ̀tá má bàa rí i lò. Gbẹ́nàgbẹ́nà wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ irin. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ó wá gbẹ́ ẹ bí ẹni ń hun ìgèrè ẹja, ọ̀pá lọ, ọ̀pá bọ̀, ihò wẹ́wẹ́ láàárín. Bí o bá wò ó, o ó mọ̀ pé òpó irin ni, o ó sì tún mọ̀ pé ẹni tó ti dẹ ìgèrè rí nínú odò Mono ló gbẹ́ ẹ. Okùn irin jáde lórí òpó kọ̀ọ̀kan, ó lọ sí etí pákó níta, ó sì já síbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò a máa mirí: "Ẹ ò rí nǹkan! Gbẹ́nàgbẹ́nà yìí ti rí i tẹ́lẹ̀ pé okùn Jámánì máa já." Wọ́n ti sọ ọ́ di wòlíì.

Lábẹ́ àwọn òpó yìí ni ọkùnrin kan àti obìnrin kan wà. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ọ̀gá náà ti pọ̀ lójú mi. Òpó tó ga ju gbogbo igi oko lọ lójú ayé, tí wọ́n fi pàṣán lé àwọn èèyàn wa lọ gbé nàró, kò ju apá ènìyàn lọ lórí pákó rẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin yẹn ló gba ojú ìlẹ̀kùn. Ó gbẹ́ orí wọn tóbi, ó jẹ́ kí ojú wọn yọ síta, ó di irun obìnrin náà tó fi jẹ́ pé o lè mọ ibi tí onídìrí ti bẹ̀rẹ̀. Ó dán ara wọn títí ó fi ń kọ mànà, àmọ́ kò dán ẹ̀yìn wọn. Ó fi ojú irinṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ṣágiṣàgi, kí ara tó dán lè jáde sí ọ. Obìnrin náà pọn ọmọ kan, ó ru ẹrù. Nígbà mìíràn mo máa ń dá ẹ̀rọ dúró, mo máa ń kí ẹni tó gbẹ́ ẹ, ẹni tí n kò rí rí: "O kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ rẹ ò ní í gbẹ."

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìlẹ̀kùn náà tó ń dùn mí. Ọkùnrin wà lórí pákó ọ̀tún, ó kọjú sí ọ̀tún, sí etí ìta. Obìnrin wà lórí pákó òsì, ó kọjú sí òsì. Wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Ọkùnrin na ọwọ́ síwájú, ohun kan tó dà bí ààbọ̀ nǹkan róbótó wà lọ́wọ́ rẹ̀ létí pákó, gbogbo ayé sì ní ẹrù ló dì tó fi ń sá lọ. Obìnrin náà na ọwọ́, ààbọ̀ nǹkan wà lọ́wọ́ tirẹ̀ náà, gbogbo ayé ní igbá rẹ̀ tó fọ́ nìyẹn, igbá obìnrin tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà ò purọ́: gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tán, ó ku gbẹ́nugbẹ́nu.

Ìyá ọkọ mi kò gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá rí. Obìnrin kúkúrú ni, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ gùn, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Òjò ìbáà máa rọ̀, àlejò ìbáà dé, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé, á rìn yí ilé po lórí òkè olókùúta yẹn pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo kọ́kọ́ rò pé agídí lásán ni. Nígbà tó yá, mo bi í lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá, kí ni ìlẹ̀kùn iwájú yìí ṣe fún yín?"

Ó wò mí títí. "Ìyàwó, ìwọ ò mọ̀ pé èmi nìyẹn?"

Ó wá sọ ọ́ fún mi, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nínú ẹ̀wà. Nígbà tí oyún ọkọ mi fẹ́ di bíbí, ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Elavagnon kí ó lọ bímọ níbẹ̀, bí wọ́n ti í ṣe fún oyún àkọ́bí. Bàbá ọkọ mi kò lè bá a lọ, torí àwọn Jámánì ti mú un síbi iṣẹ́ òpó ní Kamina, ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń rí wálé. Kí ó tó lọ, ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé òun ti bẹ ọ̀rẹ́ òun kan tó ń gbẹ́ igi níṣẹ́.

"Ó ní, 'Bí o bá gbé ọmọ dé, o ó rí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ lára ìlẹ̀kùn.' Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Mo wà lọ́hùn-ún ni ogun dé. Wọ́n wó òpó, àwọn òṣìṣẹ́ fọ́n ká, n kò fojú kàn án mọ́ títí di òní. Nígbà tí ọ̀nà là, mo pọn ọmọ, mo fẹsẹ̀ rìn wálé. Mo dé, mo sì rí ohun tó fẹ́ sọ fún mi."

Ó fi ẹnu tọ́ka sí iwájú ilé. "Ó kẹ̀yìn sí mi. Àwọn èèyàn ní ó ti ré kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti fẹ́ ẹlòmíràn síbẹ̀. Kí ló kàn mí? Ó kúkú ti sọ tirẹ̀."

Ṣé ẹ mọ̀ pé n kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà? Inú bí mi sí ọkùnrin tí n kò mọ̀. Mo wò ó lára pákó, mo ní, "Ìwọ yìí, o ò ṣe ènìyàn." Àti pé ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé iṣẹ́ náà rẹwà. Báwo ni ẹni tó mọ iṣẹ́ tó báyìí ṣe máa lo ọwọ́ rẹ̀ láti fi bú ọmọlọ́mọ?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìjà wo ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá sì ń fi ìjà wo nǹkan, kì í ṣe kékeré ló ń rí. Mo rí ẹsẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ obìnrin yà síra, gìgísẹ̀ kan gbé sókè, ó ń rìn. Ti ọkùnrin pa pọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ gbagidi. Mo ní, hẹ̀n-ẹ́n? Ta ló ń sá lọ tó pa ẹsẹ̀ pọ̀? Mo tún rí i pé lórí pákó ọ̀tún, létí rẹ̀ tó kan ti òsì, kùkùté igi kan wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀, ibi tí wọ́n ti fi ayùn gé nǹkan kúrò. Mo rí ihò kan láàárín ìlẹ̀kùn, létí pákó òsì, tí àwọn ọmọ ilé fi ń yọjú wo àlejò. Mo bi ọkọ mi pé kí ni wọ́n ń fi ihò ṣe láàárín ìlẹ̀kùn. Ó ní, "Ìwọ ni wọ́n dá a sí fún, kí o lè rí ohun tí o ó máa béèrè." Ẹ̀yin ẹ wo ọkùnrin yìí! Mo fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Bó ṣe rí nìyẹn títí ọ̀rọ̀ òkú fi dé. Àwọn àgbà ilé pe ọkọ mi, wọ́n ní ẹni tí kò wálé láti ìgbà ogun Jámánì, òkú ni. Wọ́n ní kò dára kí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ti di baálé ilé kí wọ́n má tíì sunkún bàbá. Ọkọ mi gbà. Òun gan-an ti ń fẹ́ ẹ látọjọ́ pípẹ́, torí kò ní ibì kankan tó lè tọ́ka sí pé bàbá òun nìyí. Ṣùgbọ́n nílé wọn, ìyàwó òkú ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà iwájú kí ó ki ọkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sunkún. Bí ìyàwó bá wà láàyè tí kò jókòó, kò sí òkú ṣíṣe.

Ìyá kọ̀ jálẹ̀. "Ẹni tó kẹ̀yìn sí mi, n kò ní í kọjú sí i."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n rán àlùfáà Àgùdà sí i, wọ́n rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Elavagnon. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. Ìgbà tó rí ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó ní ó dáa, kí wọ́n yọ ìlẹ̀kùn yẹn kúrò, kí wọ́n là á wẹ́wẹ́, kí ó jẹ́ igi rẹ̀ ni wọ́n ó fi dáná oúnjẹ òkú. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun á jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà.

Ọkọ mi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe káfíńtà pé kí ó wá gbé ìlẹ̀kùn tuntun kọ́, irú èyí tí wọ́n kùn ní ọ̀dà àwọ̀ ewé tó wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Mo fárí gá.

"Ẹ ò ní í fi iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá báyìí se ẹ̀bà!"

"Ìlẹ̀kùn ni àbí ìyá mi? Mú ọ̀kan."

Nígbà tí káfíńtà dé láàárọ̀, mo kó ẹ̀rọ mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ n kò wọlé. Mo dúró bí ẹni tó wá sin ènìyàn rẹ̀.

Káfíńtà tú àwọn irin tó gbé ìlẹ̀kùn dúró, ó gbé e tẹ́lẹ̀ nínú àgbàlá, ó fi òòlù yọ ìdè àárín. Pákó méjèèjì ya síra. Ó fi ọwọ́ pa àwọn kùkùté tí mo sọ yẹn. "Ta ló gé orí ìlẹ̀kùn yìí? Ìlẹ̀kùn àtijọ́ kì í ní irin. Igi rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń yọ orí sókè àti sísàlẹ̀, tí á máa yí nínú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri."

"Ẹ̀gbọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibo?" mo bi í.

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ní. Níbo ni o ti rí ìlẹ̀kùn tó ń ti àárín yí?"

Ọkọ mi ní òun mọ ìdí tí wọ́n fi gé e. Àbúrò bàbá rẹ̀, tó ti kú kí n tó dé ilé yẹn, ló sọ ọ́ fún un. Nígbà ogun, àwọn sójà ń fi ìlẹ̀kùn onílẹ̀kùn dáná, ni olúkúlùkù bá tú ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀, wọ́n ru ú lọ fi pamọ́ sóko, pákó kan lórí ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n kó o padà wálé, irin Faransé ti dé, àbúrò bàbá bá ní kí wọ́n fi irin gbé e, wọ́n gé orí rẹ̀ dànù, wọ́n so pákó méjèèjì pọ̀. Ìlẹ̀kùn náà kò tíì pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kí ogun tó bẹ́. Ìlú tó ń sá kiri, ta ló ráyè wo ìlẹ̀kùn ẹlòmíràn? Ẹni tó gbẹ́ ẹ gan-an, ogun ti gbé e lọ.

Mo rántí nǹkan kan. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ àwọn màsẹ́ẹ̀, aṣọ olódòdó ńlá kan wà tí wọ́n fún mi rán. Ààbọ̀ òdòdó wà létí aṣọ kan, ààbọ̀ wà létí ìkejì. Etí tí kò yẹ ni mo so pọ̀, òdòdó wá pín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n dá lápá. Pàṣán tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, ó ṣì wà lára mi.

Mo pariwo: "Ẹ gbé ti ọ̀tún wá sí òsì!"

Káfíńtà wò mí. "Ìyàwó, igi ìdáná la fẹ́ là. À ń to igi ìdáná ni?"

"Ẹ ṣáà gbé e, ẹ jọ̀ọ́. Ọlọ́run á gbé yín ga."

Ọkọ mi ló gbé orí rẹ̀, káfíńtà gbé ìdí, ó ń kùn. Wọ́n tẹ́ ẹ sí òsì, wọ́n sún ìkejì mọ́ ọn.

Okùn irin tó já jáde láti orí òpó kan, ó lọ gbọọrọ, ó wọ orí òpó kejì. Wòlíì kankan ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, okùn tó so ni gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn gbẹ́. Àwọn kùkùté bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ihò àwọn ọmọ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ibi tí wọ́n ti ń ti ọ̀pá bọ ìlẹ̀kùn. Ọkùnrin àti obìnrin sì kọjú síra wọn. Ààbọ̀ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ààbọ̀ nǹkan lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, igbá kan ṣoṣo ni, igbá odindi, ọwọ́ méjèèjì wà lára rẹ̀.

Níbi tiwa, ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, omi ni wọ́n fi ń pàdé rẹ̀. Kí o tó bi í ní ibi tó ti ń bọ̀, kí o tó gba ẹrù lórí rẹ̀, o ó gbé omi fún un. Obìnrin tó ń rìn bọ̀ nìyí, ẹrù lórí, ọmọ tuntun lẹ́yìn. Ọkùnrin tó dúró nìyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ pa pọ̀ nínú ilé rẹ̀. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, kò rántí ṣòkòtò mọ́.

Mo sáré lọ pe Ìyá. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà jáde, ọwọ́ rẹ̀ kún fún gààrí, ó ń bú wa bọ̀. "Igi kékeré yìí náà ni ẹ ò tíì là tán? Àbí kí n wá fi eyín là á fún yín?" Ó wá dé orí pákó.

Ó tọ́ka sí ọwọ́ àwọn méjèèjì. "Kí ló wà nínú igbá yẹn?"

"Omi ni, Ìyá," mo ní. "Ẹ̀yin lẹ ń bọ̀ láti Elavagnon. Wọ́n so pákó náà sódì lẹ́yìn ogun. Òun ò kẹ̀yìn sí yín rí."

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọwọ́ gààrí pa ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin náà lórí, ó wo ọkọ mi, ó ní, "Ìwọ rèé." Ọwọ́ rẹ̀ gba apá obìnrin náà lọ, ó dé orí igbá, ó gba apá ọkùnrin gòkè dé ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró sí.

"Ẹni tó ṣe èyí dè mí," ó ní, "bó bá wà láàyè, ì bá ti wálé." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ó ti kú. Yéè! Ó ti kú látọjọ́ náà, mo sì ń bínú sí i."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìbínú Ìyá ló ti ń dá ọkùnrin náà sí láàyè ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, níbìkan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn. N kò mọ̀ pé òkú ni mo ń gbé lé e lọ́wọ́.

Ó dìde. Ó gbọn gààrí kúrò lọ́wọ́, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó so gèlè rẹ̀ dáadáa bí ẹni tó ti ọ̀nà dé tí kò fẹ́ kí ará ilé rí eruku lára òun. Ó kọjú sí ọkùnrin náà.

"Ẹ kú ilé o, olówó orí mi. Mo ti gbé ọmọ dé."

Ẹ̀yìn náà ló bú sẹ́kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, oríkì tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ rí, àwọn ará àdúgbò sì ń sáré jáde láti ilé dé ilé. Àwọn àgbà ò tíì ra ohunkóhun, wọn ò tíì dá ọjọ́, òkú ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti rí iṣẹ́ ọnà púpọ̀ lẹ́yìn náà, n kò tíì rí ọwọ́ tó dà bí ti gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn. Káfíńtà kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ó so pákó méjèèjì bó ṣe yẹ, ó gbé ìlẹ̀kùn náà padà sẹ́nu ọ̀nà kí oòrùn tó wọ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. A dúró síta, gbogbo wa, títí Ìyá fi ṣí ìlẹ̀kùn náà, tó sì gba iwájú wọlé.